Ọyẹ́ Ni Tàbí Òjò? Ohun Tí Màmá Ọláìtán Rí Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Agbowó n'Íbàdàn ló ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga lọ bá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, kí a gbọ́ irú iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ṣì ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yára yan tiwọn. Ẹnì kan mú ẹnjiníà tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, òmíràn mú lọ́yà. Èmi mú Màmá Ọláìtán, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ tó ń gbé ní Bódìjà báyìí, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi láti ìgbà tí wọ́n jọ gbé ojúlé kan náà ní Baṣọ̀run.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ìdí tí mo fi yan Màmá, nítorí pé ọkàn mi kò ní balẹ̀ tí mi ò bá sọ ọ́. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nítorí etí mi ni. Nígbà tí mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ lu ihò kejì sétí. Tiwọn jinná. Tèmi wú, ó sì ń wú sí i, títí ó fi tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó le, ó ń dán, ó sì máa ń yún mi bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Kílọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìborùn bò ó. Mùsùlùmí ni wá, mo sì fẹ́ràn ìborùn mi láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ohun tó yẹ kí n máa wọ̀ nítorí Ọlọ́run ni mo wá ń wọ̀ nítorí ìtìjú. Mi ò mọ̀ bóyá èyí máa yé ẹlòmíràn.

Ilé ìwòsàn kan ní Challenge ti fún mi ní ọjọ́ tí wọ́n máa gé e kúrò, inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni. Ìyá mi kò sí nílé. Wọ́n ti lọ sí Abẹ́òkúta lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò sì ní pẹ́ tí wọ́n máa pè mí sí ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀. Nínú ọkàn mi, gbogbo rẹ̀ ti tò: n óò ṣe é kí Mọ́mì tó dé, kí n tó lọ sí ibùdó, kí àwọn tó máa kọ́kọ́ mọ̀ mí níbẹ̀ má mọ̀ pé etí mi rí báyìí rí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ń là, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àsìkò náà dára. Kò sí ẹni tí mo lè bi tí kò ní fura. Bí mo ṣe gba Bódìjà lọ nìyẹn, bí ẹni tó kàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Màmá ń fi aṣọ tútù nu fèrèsé nígbà tí mo dé. Eruku ti bo gbogbo gíláàsì rẹ̀.

"Nímó! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì wà l'Ábẹ́òkúta mà."

"Ìyá àgbà tuntun! Wọn ò tún ní rántí wa mọ́. Ó yá, bi mí ní ohun tí o fẹ́ bi mí. Etí mi ṣì ń gbọ́ràn dáadáa, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà."

Mo ti to ìbéèrè mi láti ilé: bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi sáré jù mí lọ.

"Màmá, nínú ọdún, ìgbà wo ló dára jù kí èèyàn ṣe iṣẹ́ abẹ oge?"

Wọ́n gbé aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ta ló fẹ́ ṣe é?"

"Mo kàn ń béèrè ni mà. Nítorí àwọn tó máa kà á."

"Àwọn tó máa kà á." Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Jókòó. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Tí mo bá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kò ní yé ọ. Jẹ́ kí n mú un láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Ohun tó tẹ̀lé èyí, ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá ni. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

* * *

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ kò tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí n lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni mo lò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ti owó oṣù, a rí i jẹ, àwọn ọmọ sì kàwé. Jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Sístà Bólúwájí ló kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, gbogbo wa á dákẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni ọwọ́ fífọ̀. Mo rò pé mo mọ ọwọ́ fọ̀. Ta ni kò mọ ọwọ́ fọ̀? O máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ èékánná, o máa fọ àárín ìka, o máa fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, o máa wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń ṣe àdúrà, kí omi lè máa ṣàn láti ìka lọ sí ìgúnpá, kó má ṣàn padà. Tí ìgúnpá rẹ bá wá ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn, Sístà kò ní bá ọ wí. Wọ́n á kàn nawọ́ sí ibi omi. Ìwọ á padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo padà, mo tún padà, títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Nínú ọyẹ́ ni o, irú èyí gan-an! Mo délé, mo sunkún, mo sọ fún ọkọ mi pé obìnrin yẹn kórìíra mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Bó bá tiẹ̀ kórìíra rẹ, ó fọ ọwọ́ rẹ mọ́."

Sístà á tún ní kí n di ojú mi, wọ́n á máa kó irinṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fọwọ́ mọ èyí tó jẹ́. Dókítà kì í gbójú sókè wò ọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ nìkan ló ń nà. Ohun tó bá fẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ọwọ́ náà tó dúró.

Ṣùgbọ́n òfin wọn tó le jù ni ti ẹnu. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nílé wa, gbogbo ilé ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Bí nǹkan bá yà wá lẹ́nu, a ó ní háà. Sístà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ háà, tàbí yéè, tàbí pẹ̀lẹ́ nínú yàrá náà. Mo rò pé àṣejù ni, títí di ọjọ́ tí a ń ṣe etí bàbá awakọ̀ kan. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú nìkan la gún un, nítorí náà kò sùn, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ fẹ́ mú òwú, òwú bọ́ sílẹ̀, ló bá ní, "Háà!"

Bàbá yìí fò dìde jókòó. "Kí lẹ gé? Ẹ dá a padà! Ohunkóhun tí ẹ bá gé, ẹ dá a padà síbẹ̀!"

"Bàbá, a ò tíì gé nǹkan kan."

"Ta ló wá ń ṣe háà? Ṣé èmi ni mo ṣe háà?"

Ó pẹ́ kí ó tó gbà láti padà dùbúlẹ̀. Nígbà tí a parí, Sístà pe ẹlẹgbẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Háà rẹ yẹn, bí o bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bọ́ òun náà síbẹ̀." Títí di òní, tí àwo bá fọ́ nílé mi, mi ò ní sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé mi ò láàánú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni Dókítà Ṣódípọ̀ ti òkè òkun dé. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún ara ṣe ni wọ́n lọ kọ́. Ọmọ tí ètè rẹ̀ là láti inú ìyá rẹ̀, ẹni tí sítóófù kẹrosíìnì gbiná mọ́, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ba ojú rẹ̀ jẹ́, àwọn la máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀ nítòsí Ring Road, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tó ń wá nítorí oge bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Mo rí i pé kò sí ẹni tó kàn ń wá ṣáá. Gbogbo wọn ló ti yan àsìkò láti ilé, mo sì máa ń fẹ́ mọ ìdí. Bí mo bá ń múra wọn sílẹ̀, màá bi wọ́n pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Ọ̀gá ilé ìwé kan fẹ́ gé awọ tó rọ̀ sábẹ́ ojú rẹ̀. Ìgbà ọlidé gígùn ló wá. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tún fún òun ní orúkọ ìnagijẹ tuntun, èyí tí wọ́n ń pe òun ti tó. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan fẹ́ kó jẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó lè ti jinná kí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tó pé. Àwọn oníṣòwò kò ní wá nígbà ọdún nítorí ọjà. Àwọn tó wà lókè òkun á ya dé ní Disẹ́ńbà, wọ́n á ní àwọn gbọ́dọ̀ padà láìpẹ́, bíi pé awọ ara wọn náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ọyẹ́ ló dára jù. Wọ́n á ní aṣọ ń tètè gbẹ nínú ọyẹ́, ẹran ń tètè gbẹ, ojú egbò náà á tètè gbẹ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo ń tú báńdéèjì wọn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó dáadáa. Nínú ọyẹ́, èépá á le gbagidi, á máa fa awọ, á máa yún wọn, wọ́n á sì họ ọ́ lójú oorun. Ikọ́ eruku á mú ẹni tí a rán ikùn rẹ̀, gbogbo ikọ́ tó bá wú, á fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú bíi pé ó fẹ́ sá lọ. Mo ní, ó dáa, òjò ló dára nígbà náà. Òjò dé. Pílásítà kò lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tó yẹ kó wá lọ́jọ́ Ajé á wá lọ́jọ́bọ̀, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, odò ni ọ̀nà ilé wa." Mo ní, ó yá, ká gbé e sí ẹ̀yìn ọyẹ́, kí òjò tó dé. Ooru! Iná kò sí, fáànù kò ṣiṣẹ́, wọ́n á laagùn sábẹ́ báńdéèjì títí gbogbo ibẹ̀ á fi máa rùn.

Mo lọ bá Dókítà. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lókè òkun, ìgbà wo ni wọ́n ní ó dára jù?"

Wọ́n ní, "Níbẹ̀, ìgbà òtútù ni. Oòrùn kò ní ta sójú àpá, aṣọ nínípọn á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ lọ bá mi wá ìgbà òtútù kan n'Íbàdàn." A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò dẹ́kun wíwò ó.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, síríńjì onígíláàsì la ń sè nínú ìkòkò. A máa ń fọwọ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bíi télọ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, fífọ̀ la ń fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i ká lè mọ̀ bóyá ó ti lu, a ó da páúdà sí i. Nígbà tó yá, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ó jù nù dé, abẹ́rẹ́ tí òwú ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é náà dé. Sístà Bólúwájí ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, wọ́n wá kí wa. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ní, "Kí ni ẹ wá ń fi gbogbo ọ̀sán ṣe?"

Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rá dé, ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Fóònù dé. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á ní, "Ẹ bá mi ṣe imú mi bíi ti ẹ̀gbọ́n mi," á sì mú ẹ̀gbọ́n náà dání kí a lè wò ó. Nígbà tó yá, àwòrán ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n ń gbé wá nínú fóònù, ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ nu ojú rẹ̀ mọ́ débi pé ihò imú rẹ̀ kò hàn mọ́. Dókítà á wò ó, wọ́n á ní, "Èyí tí mo bá ṣe fún ọ máa ní láti mí o."

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ èyí tó burú. Obìnrin kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé ní Dùgbẹ̀. Ìbejì ló bí kẹ́yìn, ikùn rẹ̀ kò sì padà mọ́, awọ ibẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò. Ó fẹ́ kí a gé èyí tó rọ̀ náà, kí a rán an pọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló yàn. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, á tètè gbẹ. Màmá mi á sì ti Ṣakí wá lo ọdún lọ́dọ̀ wa, mi ò ní gbé nǹkan kan." Inú mi dùn. Mo ní ẹni yìí ti ronú dáadáa. Iṣẹ́ náà lọ bó ṣe yẹ, ó lọ sílé, ó wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ dára.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé oge ni. Ọkọ nìkan ló mọ̀. Ìtìjú ni. Ó ní ìyá òun á ní, nígbà tí èmi bí gbogbo yín, ta ló bá mi gé ikùn? Ó kàn sọ fún wọn pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun níkùn. Ìyá wá ṣe ohun tí ìyá máa ń ṣe. Ilẹ̀ ń mọ́, ọyẹ́ ń mú, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n ki táwẹ́lì bọ̀ ọ́, wọ́n fi ń jó ikùn ọmọ wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jó o nígbà tó bí ìbejì. Kò sí ìyá kan nílẹ̀ yìí tí kò mọ iṣẹ́ yẹn.

Nímó, ìgbà tí a bá gé awọ ikùn báyẹn, ojú ibẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan lára fún ìgbà pípẹ́. Omi ń jó o, kò mọ̀. Ó ní nígbà tí òun kò mọ̀ ọ́n lára, òun rò pé ìyá òun kò fi omi tó gbóná ni, òun tiẹ̀ ní kí wọ́n fi kún un.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, awọ ti bó, ojú ibi tí a rán ti ya. Mo tú aṣọ kúrò, gbogbo háà ayé yìí wá sí ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe é? Ṣé ọwọ́ mi ni?" Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá ṣàlàyé ohun tó jẹ́ fún wọn, ẹkún wọn dúró. Wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Oge? Ká ní o sọ fún mi pé oge ni, màá bú ọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá tọ́jú rẹ bí wọ́n bá ṣe ní kí n tọ́jú rẹ."

Ó pẹ́ kí ó tó jinná. Òjò dé bá a lọ́wọ́ wa. Itan rẹ̀ la ti bu awọ láti fi bo ibẹ̀. Ó wà láàyè, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn tó tìtorí rẹ̀ wá, àpá ti mú un burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti Dókítà ti bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí àwọn èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín. Kí a tó ṣe iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, a ó bi í pé, "Ta ló ń gbé omi kaná nílé yín?" Wọ́n á ní, "Kí ni ìyẹn kàn yín?" A ó ní kí ẹni náà bá ọ wá, ìyá ni o, ìyá ọkọ ni o, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, kó jókòó níwájú wa, kí a sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí o kò bá lè mú un wá, àsìkò rẹ kò tíì tó. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ síbòmíràn. Dókítà jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí orúnkún mi kò fi lè dúró pẹ́ mọ́, tí mo sì wá sílé wá nu fèrèsé.

* * *

Ibẹ̀ ni Màmá dákẹ́. Mi ò kọ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn; ilé ni mo ti wá rántí ìyókù kọ. Kì í ṣe pé mo rò pé ẹnì kan máa da omi gbígbóná sí mi létí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo mọ obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ bí ó ṣe ń rò ó.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Ọjọ́ wo ni wọ́n fún ọ?"

"Màmá, mi ò sọ pé èmi ni mà."

"Láti ìgbà tí o ti jókòó lo ti ń fa ìborùn yẹn síwájú. Ṣé kò ní já? Sún mọ́bí."

Mo sún mọ́ wọn. Wọ́n ká ìborùn náà kúrò fúnra wọn, wọ́n fi ìka méjì di kílọ́ìdì náà mú, wọ́n yí i, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí. Mo rò pé ojú máa tì mí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wò ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo aago, tí ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe aago náà.

"Ìdí rẹ̀ kò fẹ̀. Ó ṣeé gé. Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé gígé rẹ̀ ni iṣẹ́ kékeré níbẹ̀?"

"Wọ́n ní mo máa padà wá gba abẹ́rẹ́."

"O máa padà wá, o máa tún padà wá, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí wọn kò bá gún un, ó lè tún hù, ó sì lè tóbi ju èyí lọ. Ibo ni wọ́n máa rán ọ lọ sìnrú ìlú?"

"Mi ò tíì mọ̀ mà."

"O ò tíì mọ̀. Bóyá àríwá ni, bóyá etí òkun ni. O máa wà ní ibùdó, nínú oòrùn, nínú eruku, wọ́n á máa fọn fèrè sí ọ létí ọ̀hún. Ta ló máa tú u wò? Ìyá rẹ mọ̀?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ẹkún gbà mí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn. Mo ní kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ìyá mi, pé nítorí mo fẹ́ràn wọn ni mi ò ṣe fẹ́ kí wọ́n tún máa ronú lórí mi, pé wọ́n ti sọ fún mi nígbà náà lọ́hùn-ún pé kí n má lu ihò kejì yẹn, pé mo kàn fẹ́ kí ó parí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Màmá kò sọ pé kí n dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mi ò sọ pé kí o má ṣe é. Ṣe é. Etí rẹ ni. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọyẹ́, mo wo òjò, mo wo ooru, mo rí ẹni tó jinná dáadáa nínú gbogbo wọn, mo sì rí ẹni tó bàjẹ́ nínú gbogbo wọn. Ohun tí mo rí kò ju èyí lọ: àwọn tó jinná dáadáa ni àwọn tó lè padà wá, tí ẹni tó wà pẹ̀lú wọn nílé sì mọ ohun tí wọ́n ṣe. Kò sí èyí tí o ní nínú méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí."

Mo dìde, mo kí wọn, mo jáde. Mi ò tíì dé ojú títì tí mo fi dúró lábẹ́ igi kan, tí mo pe ìyá mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá dé Agbowó, màá ti rí ìdí tí mi ò fi ní pè wọ́n mọ́.

"Nímó, ṣé kò sí o? Ẹkún ọmọ yìí ò jẹ́ kí n gbọ́ràn dáadáa."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti Challenge, mo sọ ọjọ́ rẹ̀, mo sọ pé mo fẹ́ ṣe é kí wọ́n tó dé. Mo mọ̀ pé wọ́n gbé ọmọ náà fún ẹnì kan, nítorí ẹkún náà jìnnà sí fóònù.

"Nítorí náà, kí n máa wẹ ọmọ ọlọ́mọ níbí, kí wọ́n máa gé etí ọmọ tèmi ní Challenge."

"Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n mi ló bí i. Ọmọ yín náà ni."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, inú ń bí mi. Ta ló fẹ́ mú ọ délé?"

"Màá wọ ọkọ̀."

"O máa wọ ọkọ̀. Wọ́n gé etí rẹ, o wọ ọkọ̀ láti Challenge dé Agbowó, ìwọ nìkan, pẹ̀lú báńdéèjì. Nímótà." Wọn kì í pe orúkọ mi tán báyẹn àyàfi tí ó bá dùn wọ́n. "Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni. Mo ní, "Ó máa ń yún mi. Ní òru, ó máa ń dùn mí díẹ̀."

"Mi ò mọ̀. Mo ń rí bí o ṣe ń bò ó, mo rò pé o ò fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé ó ń dùn ọ́."

A sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí ìdúró, a sì fẹnu kò pé kí n kọ́kọ́ lọ sìnrú ìlú ná. Mi ò lè purọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Mo máa lọ sí ibùdó pẹ̀lú etí mi bó ṣe wà, àwọn tí n kò mọ̀ rí máa wò ó, ẹnì kan máa bi mí pé kí ni. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọrùn mi fúyẹ́ lọ́nà kan tí mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́.

Mo pe ilé ìwòsàn náà lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ọ̀sẹ̀ yìí, pé mo fẹ́ lọ sìnrú ìlú. Obìnrin tó gbé fóònù ní kò burú, ṣé lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni mo máa fẹ́ padà wá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé nígbà òjò ni àbí nígbà ọyẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ ọyẹ́, ààyè sì máa ń há.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi láyè díẹ̀, kí n bi ìyá mi ìgbà tí wọ́n máa wà nílé.